Dókítà tó jìnnà sílé ní ìlú ọba: Ẹ̀tọ́ wà níbẹ̀, ewu náà wà níbẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má ní ààlà. Bí ọ̀rọ̀ àwọn dókítà ìdílé, ìyẹn àwọn tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí GP, ṣe rí nìyẹn nílẹ̀ England láti ọdún gbọ́ọ́rọ́ wá. Kílíníìkì kọ̀ọ̀kan ló ní ààlà tirẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá bọ́ sínú ààlà náà ni wọ́n máa ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá kó kọjá ibẹ̀, wọ́n á ní kó lọ wá dókítà mìíràn sí ìtòsí ibi tó kó lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 5, oṣù kìíní, ọdún 2015, ìjọba ibẹ̀ ti tú okùn náà díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kílíníìkì yòówù tó bá fẹ́ ti lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹni tí ilé rẹ̀ kò sí ládùúgbò rẹ̀, ìbáà jẹ́ òkèèrè ló ti ń bọ̀.

Ìròyìn ayọ̀ ni èyí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, pàápàá àwọn tí iṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n wà nílé lójú ọ̀sán. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì tí ọ̀pọ̀ kì í kà kí wọ́n tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Dókítà tó bá gba èèyàn láti òkèèrè lè sọ pé òun kò ní máa wá wo onítọ̀hún nílé, òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀dọ́ tára rẹ̀ le lè má ka èyí sí nǹkan kan. Fún bàbá tàbí ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ ń dùn, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ìdí tó fi kan àwọn tó wà nílé

Agbára káká ni èèyàn fi lè rí ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá lónìí tí kò ní ọmọ ní ìlú ọba. Peckham tó wà ní gúúsù London ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń rí èlùbọ́, ata rodo àti iṣu rà bí ẹni wà nílé. Nígbà tó yá, tí ọmọ pọ̀, tí owó ilé sì ń gun òkè, àwọn kan kó lọ sí Thamesmead, àwọn mìíràn gba ọ̀nà Dartford àti Chatham lọ. Ilé ni wọ́n kó, ọkàn wọn kò tètè kúrò lọ́dọ̀ dókítà tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Dókítà náà mọ ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ̀rẹ̀, ó mọ oògùn tó bá ara mu àti èyí tí kò bá a mu, ó sì ti gbọ́ èdè wọn débi pé wọn kì í tún ọ̀rọ̀ sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyẹn ti àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn òbí tún wà tí wọ́n ń ti ilé wọ bàálù lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó, tí wọ́n á lo oṣù mélòó kan. Bí wọ́n bá dé ọ̀hún, ọmọ ló máa ń bá wọn ṣètò dókítà. Ẹni tó bá gbọ́ lórí fóònù pé wọ́n ti forúkọ màmá sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà yẹ kó lè béèrè pé: Ibo ni dókítà náà wà? Báwo ni màmá yóò ṣe máa dé ibẹ̀? Ṣé dókítà náà lè wá sílé bí ara wọn kò bá gbé e?

Ibi tí ààlà ti wá

Ọjọ́ 5, oṣù keje, ọdún 1948 ni ètò ìlera ìjọba tí wọ́n ń pè ní NHS bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ Aneurin Bevan tó jẹ́ mínísítà fún ètò ìlera nígbà náà. Owó orí ni ìjọba fi ń gbé ètò náà ró, aláìsàn tó ń gbé ibẹ̀ kì í sanwó kó tó rí dókítà. GP ni ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, òun ló sábà máa ń kọ ìwé ránṣẹ́ kí èèyàn tó lè rí dókítà àgbà ní ilé ìwòsàn ńlá.

Èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí ìjọba ń san fún kílíníìkì kì í ṣe nítorí iye ìgbà tí aláìsàn wá. Iye orúkọ tó wà nínú ìwé rẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọ́n á sì tún wo ọjọ́ orí àti bí ìlera àwọn èèyàn náà ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí èèyàn kan kò fi lè fi orúkọ sílẹ̀ pátápátá ní kílíníìkì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ti forúkọ sílẹ̀ níbi tuntun, orúkọ rẹ̀ ti kúrò níbi ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Lára iṣẹ́ tí wọ́n gbà ni pé kí dókítà lọ sílé aláìsàn tí kò lè dìde, bí àìsàn náà bá gba bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìrìn yìí ló bí ààlà. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Peckham kò lè sáré dé Chatham lójú ọ̀sán, kó tún padà wá wo àwọn tó jókòó dè é. Nítorí náà, bí kílíníìkì bá gbọ́ pé èèyàn ti kó kọjá ààlà, òfin gbà á láàyè láti ní kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Wọ́n á fún un ní 30 ọjọ́ láti wá ibòmíràn.

Ní ọdún 2012 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn kílíníìkì fa ààlà kejì sí ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́, kí ẹni tó bá kó díẹ̀ síwájú má bàa pàdánù dókítà rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dán gbígba ará òkèèrè wò ní apá kan London, Manchester àti Nottingham. Ẹ̀yìn èyí ni òfin ọdún 2015 dé, tó kárí gbogbo England. Ọ̀rọ̀ England nìkan ni, nítorí Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ètò tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tí òfin náà gbà

Òfin náà kò fi tipátipá mú kílíníìkì kankan. Bí ẹni tó ń gbé lókèèrè bá wá forúkọ sílẹ̀, ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ló lè ṣẹlẹ̀. Èkíní, kílíníìkì lè gbà á bí ẹni pé ọmọ àdúgbò ni, tí wọ́n á máa wá wò ó nílé bó bá pọn dandan. Èkejì, wọ́n lè gbà á, kí wọ́n sọ fún un pé àwọn kò ní máa wá sílé. Ẹ̀kẹta, wọ́n lè sọ pé ọ̀nà ti jìn jù, tàbí pé irú àìsàn tó ń ṣe é kò bá irú ètò bẹ́ẹ̀ mu.

Ọ̀nà kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbà wọlé. Dandan ni kí kílíníìkì là á yé èèyàn kó tó fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ kò sì tán síbẹ̀. Bí ara onítọ̀hún bá yí padà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tí àìsàn tó nílò àmójútó gidi bá dé, kílíníìkì lè sọ pé ó ti tó àkókò kó lọ forúkọ sílẹ̀ nítòsí ilé.

Kí ni ẹni tó gba ọ̀nà kejì yóò ṣe bí àìsàn bá dá a dúbúlẹ̀ nílé? Nọ́ńbà 111 ni yóò pè. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e, ọ̀fẹ́ sì ni. Ètò NHS àgbègbè tí ilé rẹ̀ wà ló wá já lé léjìká láti wá ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ nítòsí. Bó bá jẹ́ àyà ló ń dun èèyàn gan-an, tàbí tí apá kan ara rọ lójijì, tí ẹnu sì wọ́, 999 ni kí wọ́n pè láìfi àkókò ṣòfò. Ọkọ̀ áńbúláǹsì kì í béèrè ibi tí dókítà èèyàn wà kó tó gbéra.

Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń bá arúgbó di egbò tàbí gún abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àdúgbò àdúgbò ni wọ́n pín iṣẹ́ tiwọn náà sí. Ẹni tí dókítà rẹ̀ wà ní àgbègbè kan, tí ilé rẹ̀ wà ní òmíràn, lè rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń lọ sókè sódò kí wọ́n tó mọ ẹni tó yẹ kó wá.

Ta ló bá mu, ta ni kò bá mu?

Ká mú obìnrin kan tó jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún, tó ń gbé Dartford, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà láàárín London. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń jáde nílé, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọlé. Bí dókítà rẹ̀ bá wà nítòsí ilé, àfi kó gbàyè níbi iṣẹ́ kó tó lè rí i. Bó bá wà nítòsí ibi iṣẹ́, yóò yà síbẹ̀ ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Ara rẹ̀ le, kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá bá a nílé. Irú rẹ̀ gan-an ni òfin náà wà fún.

Ká tún mú màmá ẹni ọdún 74 tó ń gbé Chatham lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe wọ́n, ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe wọ́n, orúnkún sì ń ro wọ́n. Kò sí dókítà mìíràn tí wọ́n fẹ́ rí ju ti Peckham tó ti ń tọ́jú wọn bọ̀ láti ọdún pípẹ́. Lọ́jọ́ tí ara bá yá, ọmọ á fi mọ́tò gbé wọn lọ, wọ́n á sì dé tayọ̀tayọ̀. Ọjọ́ tí òtútù bá mú, tí ẹsẹ̀ kò bá ṣeé gbé, tí ọmọ sì ti lọ síbi iṣẹ́, ọjọ́ náà ni ọ̀nà Peckham á wá jìn. Ẹni tí 111 bá rán wá kò mọ̀ wọ́n rí. Òótọ́ ni pé àkọsílẹ̀ kúkúrú kan wà lórí kọ̀ǹpútà tó lè fi oògùn wọn àti èyí tí ara wọn kọ̀ han dókítà mìíràn, àmọ́ àkọsílẹ̀ yàtọ̀ sí kí èèyàn mọ èèyàn.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà dúró ni ẹ̀rù pé dókítà tuntun kò ní mọ ìtàn àìsàn wọn. Ẹ̀rù náà ní ìdí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé fáìlì kì í dúró sẹ́yìn. Bí èèyàn bá ti forúkọ sílẹ̀ ní kílíníìkì tuntun, àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbogbo yóò tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Ohun tí kò lè tẹ̀ lé e ni ìfaramọ́ra, ìyẹn náà sì máa ń dé díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan láti Fulham

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fulham, ní ìwọ̀ oòrùn London, fi bí òfin náà ṣe lágbára tó hàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, kílíníìkì kan níbẹ̀ pa pọ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Babylon, wọ́n sì gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní GP at Hand. Orí fóònù alágbèéká ni èèyàn ti máa rí dókítà, tí wọ́n á máa wo ojú ara wọn bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Torí pé òfin ti gbà pé kílíníìkì lè gba ará òkèèrè, wọ́n forúkọ èèyàn sílẹ̀ láti ibi púpọ̀ ní London. Kò pẹ́ tí orúkọ tó wà nínú ìwé wọn fi lé ní 100,000.

Ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn aláṣẹ NHS ti sọ látilẹ̀ pé ètò náà lè má bá aláboyún, arúgbó tí ara rẹ̀ kò le àti ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra mu. Àwọn kan kò sì tètè mọ̀ pé bí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, orúkọ wọn ti kúrò lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò wọn nìyẹn. Ní ọdún 2023, ilé iṣẹ́ Babylon wọ gbèsè, ó sì dojú dé. Ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ eMed ló gba iṣẹ́ náà ní England, kí ìtọ́jú àwọn èèyàn má bàa dúró.

Bàbá àti ìyá tó lọ kí ọmọ

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí tó bá ìwé àṣẹ àlejò wọlé yàtọ̀ díẹ̀. Kò sí ohun tó yẹ kó gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà tó jìnnà. Ẹni tó bá máa lò ju wákàtí 24 lọ ní àdúgbò kan, àmọ́ tí kò ní pé oṣù mẹ́ta, lè forúkọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní kílíníìkì tó wà nítòsí ibi tó dé sí. Bó bá máa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè forúkọ sílẹ̀ bí àwọn yòókù. Ọmọ onílé tó lọ bá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ní ìlú mìíràn ní England fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan náà lè lo ọ̀nà ìgbà díẹ̀ yìí, dókítà rẹ̀ ti ilé kò sì ní yọ orúkọ rẹ̀.

Rírí GP kì í gba owó, ìbáà ṣe lọ́wọ́ onílé tàbí lọ́wọ́ àlejò. Kò sì sí òfin tó ní kí èèyàn mú páásípọ́ọ̀tù, físà tàbí ìwé tó fi ibùgbé hàn wá kó tó lè forúkọ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ kílíníìkì lè béèrè fún un, àmọ́ àìní rẹ̀ kì í ṣe ìdí láti lé èèyàn padà. Ohun tó ṣe pàtàkì ju ìwé lọ ni kí òbí kó páálí oògùn tó ń lò nílé dání, kí dókítà ọ̀hún lè rí orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀. Oògùn tí dókítà bá kọ, ní kẹ́míìsì ni wọ́n ti ń gbà á. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni wọ́n ti sọ owó oríṣi oògùn kọ̀ọ̀kan di £9.90, ẹni tó bá ti pé 60 ọdún kì í san án.

Ibi tí owó wà

Ibi tí àlejò ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni ilé ìwòsàn ńlá. Wọn kì í gba owó ní yàrá pàjáwìrì, àmọ́ bí wọ́n bá ti dá èèyàn dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, owó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iye tí wọ́n ń gbé lé àlejò láti Nàìjíríà lórí jẹ́ ìlọ́po kan àtààbọ̀ iye tó ń ná NHS fúnra rẹ̀. Fún ìtọ́jú tí kò kánjú, wọ́n á ní kó sanwó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Fún èyí tó kánjú, wọ́n á kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀, ìwé owó á tẹ̀ lé e. Gbèsè tó bá tó £500, tí èèyàn kò san, lè di ohun tí wọ́n á fi kọ̀ ọ́ ní físà lọ́jọ́ mìíràn.

Àwọn tó lọ ṣiṣẹ́ tàbí kàwé, tí físà wọn ju oṣù mẹ́fà lọ, ti máa ń san owó ìlera pọ̀ mọ́ owó físà. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n ti sọ ọ́ di £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà, tí ti akẹ́kọ̀ọ́ sì jẹ́ £776. Ẹni tó gba físà àlejò oṣù mẹ́fà kì í san èyí. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ọmọ ra ìwé adójútòfò ìrìn àjò fún òbí rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, kó sì tètè mú wọn lọ rí GP tó wà nítòsí bí nǹkan bá ń ṣe wọ́n. Àìsàn tí dókítà ìdílé kápá lónìí kò ní di ti ilé ìwòsàn ńlá lọ́la.

Bí wọ́n bá kọ èèyàn

Kílíníìkì lè sọ pé ìwé àwọn ti kún, tàbí pé ilé èèyàn ti jìnnà jù. Kò gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí nítorí pé àìsàn rẹ̀ pọ̀ lápọ̀jù. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ó gbọ́dọ̀ rí ìdí rẹ̀ gbà ní kíkọ láàárín ọjọ́ 14. Kódà ẹni tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bí ìtọ́jú rẹ̀ kò bá ṣeé sún síwájú, kílíníìkì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ fún ìwọ̀n ọjọ́ 14.

Àìsàn la lè wò, a kò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń sáré iṣẹ́ kiri ni, dókítà ọ̀nà jíjìn lè gbà á, kó sì tún rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ni, kí ọmọ jókòó tì wọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ kílíníìkì bóyá dókítà yóò máa wá sílé, kí wọ́n sì mọ ìdáhùn náà dájú. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, kí wọ́n ronú nípa ọjọ́ tí ẹsẹ̀ kò ní ṣeé gbé, kí wọ́n sì wá dókítà tó lè dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà.